Ọ̀wọ́-Ìran: Bí Sinimá Ṣe Ń To Ìtàn àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Ẹ́

1. Ìfáárà

Láti ọdún 1976, tí Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde, ni ìtàn sísọ ní èdè Yorùbá ti ní ilé kẹrin. Ẹnu ni ilé àkọ́kọ́, ìwé ni èkejì, orí ìtàgé ni ẹ̀kẹta. Aṣọ funfun tí a ta sí ara ògiri gbọ̀ngàn ni ẹ̀kẹrin. Adé Fọláyan, Hubert Ògúndé àti Moses Ọláìyá wà lára àwọn tí ó gba ọ̀nà yìí láàárín ọdún díẹ̀. Nígbà tí ó yá, fídíò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ fíìmù, lónìí sì ni ọmọdé ń wo odidi eré lórí ẹ̀rọ alágbèéká tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Èdè tí a fi ń ṣe àlàyé iṣẹ́ náà kò dàgbà tó iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Nínú kíláàsì, ìran ni orúkọ tí gbogbo olùkọ́ mọ̀ fún apá eré oníṣe tí ó ṣẹlẹ̀ ní ibi kan náà láìdáwọ́ dúró. Orúkọ náà tọ̀nà, kò sì sí ìdí tí a ó fi pa á tì. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá gbé e wọ inú sinimá, tí a sì di ẹrù mẹ́ta lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á pe ohun tí kámẹ́rà wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìran. Wọ́n á pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kan ní ìran. Wọ́n á tún pe odidi ìrìn-àjò tí ó gba ibi mẹ́rin kọjá ní ìran. Ẹ̀kẹta yìí, tí àwọn onífíìmù ilẹ̀ òkèèrè ń pè ní síkúẹ́ǹsì, ni kókó àlàyé tí ó wà níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ yìí ju àríyànjiyàn lórí orúkọ lọ. Ká ní ìwé eré kan tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí ìmọ́lẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin síkúẹ́ǹsì kejì. Bí ògbufọ̀ bá kọ “ìran kejì”, àwọn atannáṣeré yóò ṣètò ìmọ́lẹ̀ yàrá kan, wọn yóò sì fi ibi mẹ́ta tí ó kù sílẹ̀. Owó ti ṣòfò, ọjọ́ ti lọ. Bákan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tí a ní kí ó ka ìran inú eré kan yóò ṣe rí iye tí ó yàtọ̀ sí ti olùkọ́ rẹ̀, kò sì ní í sí ẹni tí ó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì.

2. Láti orí àwòrán dé orí ọ̀wọ́

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí a tó mọ igbó, ó yẹ kí a mọ igi àti ewé. Ohun tí ó kéré jù lọ nínú sinimá ni àwòrán kan tí kò mira. Àwòrán 24 ni ó ń kọjá lójú òǹwòran láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan; ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà ni ó fi dà bí ẹni pé àwòrán náà ń rìn.

Èkejì ni gbogbo àwòrán tí kámẹ́rà yà láti ìgbà tí ó lajú títí di ìgbà tí ó dijú. Ẹ̀yà yìí nílò orúkọ tirẹ̀. Àwọn kan lè dábàá “àyàkan”, nítorí pé a máa ń ya àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé àyà ènìyàn ni a ń sọ. Ìwòkan dára jù ú lọ: kámẹ́rà wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan láìṣẹ́jú. Ìwòkan lè gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì lè má ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ.

Ẹ̀kẹta ni ìran. Nínú sinimá gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní orí ìtàgé, ìran ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ibi kan ní àkókò kan. Bí ibi bá yí padà, tàbí tí àkókò bá fò, ìran mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ìran lè ní ìwòkan kan ṣoṣo, ó sì lè ní ogójì.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀wọ́-ìran. Òun ni àkójọ ìran tí ó ń jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan, tí kò sì parí títí ìbéèrè náà fi rí ìdáhùn. Ibi àti àkókò ni a fi ń mọ ààlà ìran. Ọ̀rọ̀ ni a fi ń mọ ààlà ọ̀wọ́-ìran.

3. Àpẹẹrẹ: láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́

Kí àlàyé yìí má baà dà bí ẹ̀kọ́ orí ìwé lásán, a lè fi ojú inú wo eré kan tí a ṣe ní Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìyá kan ń gbé ní Ọ̀kà. Ọmọ rẹ̀ ní ibà líle ní òru. Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó fẹ́ gbé e lọ wà ní Ìkàrẹ́, ọ̀nà náà sì gba Àkùngbá kọjá láàárín àwọn òkè olókùúta.

Ìran kìn-ín-ní, inú yàrá ní Ọ̀kà. Fìtílà ń jò. Ọwọ́ ìyá wà ní iwájú orí ọmọ. Àgbo wà nínú ife, kò dín rárá. Ìyá tú etí aṣọ rẹ̀, ó ka owó, ó sì tún un kà.

Ìran kejì, iwájú ilé aládùúgbò. Ìyá kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin onímọ́tò jáde, ó wo ọmọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wo ojú ọ̀run. Ó ní epo tí ó wà nínú ọkọ̀ òun kò tó nǹkan. Ìyá kò fèsì. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ọkùnrin náà lọ mú kọ́kọ́rọ́.

Ìran kẹta, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Àkùngbá. Iná ọkọ̀ ń bọ́ lára àpáta kan sí èkejì. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dákẹ́. Nínú òkùnkùn, kò sí ohun tí a gbọ́ bí kò ṣe èémí ọmọ náà.

Ìran kẹrin, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́, ní ìdájí. Ìyá fi ẹsẹ̀ rìn dé. Nọ́ọ̀sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn sì pa dé. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọ̀já tí ó fi pọn ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ká a.

Ìran mẹ́rin ni èyí, ọ̀wọ́ kan ṣoṣo sì ni. Ìbéèrè tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé: ǹjẹ́ ìyá yóò gbé ọmọ rẹ̀ dé ibi ìtọ́jú kí ó tó pẹ́ jù? Nígbà tí nọ́ọ̀sì gba ọmọ náà, ìbéèrè yẹn parí. Bí ó ti ń parí ni òmíràn ń yọjú. Ta ni yóò san owó ìtọ́jú? Ǹjẹ́ ọmọ náà yóò yè? Ìbéèrè tuntun yìí ni ọ̀wọ́ tí ó kàn yóò gbé.

Ohun tí a yọ kúrò náà yẹ ní àkíyèsí. A kò rí ìyá náà bí ó ti ń wọ bàtà. A kò rí gbogbo gbólóhùn tí òun àti onímọ́tò jọ sọ. A kò rí i bí ó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn láti òkè Àkùngbá títí dé Ìkàrẹ́. Wákàtí púpọ̀ di ìṣẹ́jú mẹ́fà tàbí méje, síbẹ̀ òǹwòran kò sọ pé a rẹ́ òun jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ọgbọ́n orí dí àlàfo náà.

4. Ohun tí ń mú ọ̀wọ́ ṣiṣẹ́

Ohun mẹ́ta ni a kò gbọdọ̀ wá tì nínú ọ̀wọ́-ìran. Èkíní ni ìbéèrè tí òǹwòran ń fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Èkejì ni ìdènà tí ó ń le sí i: owó kò tó, epo kò tó, ọkọ̀ kú. Bí ọkọ̀ bá ti kọ́kọ́ kú, tí ọ̀rọ̀ owó wá tẹ̀lé e, ìtàn náà yóò máa sọ̀ kalẹ̀ dípò kí ó máa gòkè. Ẹ̀kẹta ni ìyípadà: ipò tí ènìyàn inú eré wà ní òpin ọ̀wọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ipò tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ìyípadà, a lè yọ gbogbo ọ̀wọ́ náà kúrò láìṣe ìtàn ní ibi kankan. Ìdánwò tí ó rọrùn fún olùkọ́ nìyí: yọ ọ́, kí o sì wò bóyá ìtàn ṣì dúró.

Ètò tí àwọn ìwòkan ń tẹ̀ lé náà ní agbára tirẹ̀. Ní Rọ́ṣíà, lẹ́yìn ìdojú-ìjọba-bolẹ̀ ti ọdún 1917, Lev Kuleshov mú ìwòkan ojú òṣèré kan tí kò fi ìmọ̀lára kankan hàn, ó sì so ó mọ́ oríṣiríṣi nǹkan: àwo ọbẹ̀, pósí òkú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú kan náà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń sọ fún òǹwòran bóyá ebi ni ó wà níbẹ̀ tàbí ìbànújẹ́. Èyí fi hàn pé ìtumọ̀ kò sí nínú ìwòkan nìkan. Ó wà ní àárín ìwòkan kan àti èyí tí ó kàn án. Ẹni tí ó bá mọ bí àyè tí gbólóhùn wà ṣe ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà kò ní í rí èyí bí ohun àjèjì.

Ojú ìsopọ̀ pẹ̀lú nílò orúkọ. Nígbà tí ìwòkan kan bá parí tí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ lójijì, ìgé ni. Nígbà tí àwòrán bá ń dúdú díẹ̀díẹ̀ títí aṣọ yóò fi ṣókùnkùn, a lè pè é ní ìṣú. Nígbà tí ó bá sì ń mọ́ bọ̀ láti inú òkùnkùn, ìmọ́ ni. Inú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni a ti mú méjèèjì jáde: ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwòrán kan bá ń yọ́ lọ bí òmíràn ti ń hàn nínú rẹ̀, ìyọ́wọra ni. Ìgé ni ó sábà máa ń wà láàárín ìwòkan. Ìṣú àti ìmọ́ ni àwọn olùdarí àtijọ́ sábà máa ń fi pààlà sí àárín ọ̀wọ́ kan àti èkejì, gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ti ń fi orí ìwé pààlà.

5. Oríṣi ọ̀wọ́

Kì í ṣe gbogbo ọ̀wọ́ ni ó rí bákan náà. Christian Metz, onímọ̀ ará Faransé, pín bí àwòrán ṣe ń tò nínú sinimá sí ọ̀nà mẹ́jọ ní àwọn ọdún 1960. Fún iṣẹ́ kíláàsì, mẹ́rin tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀wọ́ geere ni ti ìyá Ọ̀kà tí a sọ lókè: ìran kan tẹ̀ lé òmíràn bí àkókò ti ń lọ. Ọ̀wọ́ aláwẹ́ méjì ni èyí tí ó ń lọ sí ibi méjì ní pààrọ̀: ìyá ń bẹ ní òkè Àkùngbá, nọ́ọ̀sì ń múra láti lọ sílé ní Ìkàrẹ́, a sì ń fò láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì títí wọn yóò fi pàdé tàbí kí wọ́n ṣe kòǹgẹ́. D. W. Griffith ní Amẹ́ríkà sọ irú èyí di ohun ìmúláyà ṣáájú ọdún 1920. Ọ̀wọ́ àkékúrú ni èyí tí ó kó àkókò gígùn sínú àwòrán díẹ̀: òjò rọ̀, àgbàdo hù, ọmọ ti ń rìn. Ọ̀wọ́ oníwòkan ni èyí tí kámẹ́rà kò dijú láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀wọ́ a máa ké àkókò kúrú, a sì máa fà á gùn. Nínú Battleship Potemkin, tí Sergei Eisenstein ṣe ní 1925, àwọn ọmọ-ogun ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ìlú Odessa, wọ́n ń yìnbọn. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ tí ó fara gbọgbẹ́, ó ń gòkè lọ bá wọn. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ kan ń yí lọ sí ìsàlẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ náà gùn lójú àwòrán ju bí yóò ti gùn lójú ayé lọ, nítorí pé olùdarí fẹ́ kí òǹwòran ka gbogbo ohun tí ó sọnù.

6. Kẹ̀kẹ́ fíìmù àti gbọ̀ngàn

Ọ̀wọ́ ní ìdí tí ó jẹ́ ti irin-iṣẹ́ pẹ̀lú. Fíìmù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35 máa ń gba àwòrán 16 ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Kẹ̀kẹ́ fíìmù tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 1,000 yóò ní àwòrán 16,000. Bí a bá fi 24 pín in, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 11. Fíìmù mìlímítà 16 ní àwòrán 40 ní ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí náà ẹsẹ̀ bàtà 400 rẹ̀ yóò lò tó àkókò kan náà. Láyé àtijọ́, ibi tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá wà, iná yóò tàn bí kẹ̀kẹ́ kan bá parí, kí a tó fi òmíràn sí i. Àwọn òǹkọ̀wé eré kọ́ láti fi ìbéèrè kan há òǹwòran lọ́nà ọ̀fun ní òpin kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ náà ti kúrò nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n ìwọ̀n náà kù: àwọn olùkọ́ ìwé eré ní Amẹ́ríkà ṣì ń kọ́ni pé eré oníwákàtí méjì lè ní ọ̀wọ́ mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìṣẹ́jú 10 sí 15.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn onítíátà tí ó ń fi ọkọ̀ kó eré kiri ni ó di onífíìmù. Wọ́n ń gbé fíìmù wọn láti ìlú dé ìlú fúnra wọn, wọ́n sì ń fi í hàn nínú gbọ̀ngàn ìlú àti ti ilé-ìwé. Ní orí ìtàgé, òṣèré kọjú sí èrò, ìran sì gùn, nítorí pé pípààrọ̀ ibi jẹ́ wàhálà. Fíìmù tú wọn sílẹ̀: ó ṣeé ṣe láti wà ní ààfin àti ní oko láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀wọ́-ìran ni ọgbọ́n tuntun tí wọ́n ní láti kọ́ kí ìtúsílẹ̀ yẹn má baà di ìdàrúdàpọ̀.

Ní agbègbè bí Àkókó, ọgbọ́n yìí ní àǹfààní tí kò hàn sí ojú kíákíá. Ẹ̀ka-èdè Ìkàrẹ́ àti ti Ọ̀kà yàtọ̀ sí Yorùbá tí a ń kọ sínú ìwé, àwọn ìlú kan nítòsí wọn, irú bí Àrìgìdì, sì ní èdè tí kì í ṣe Yorùbá rárá. Àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré bá ṣòro fún láti gbọ́ kò ní í sọnù bí ọ̀wọ́ bá tò dáadáa: ife àgbo tí kò dín, owó tí a kà lẹ́ẹ̀mejì àti iná ọkọ̀ tí ó kú ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún un.

7. Ẹ̀rí láti inú sinimá Yorùbá

Ìjà Òmìnira, tí a gbé ka orí Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé ìtàn-àròsọ Adébáyọ̀ Fálétí tí ó jáde ní 1969, jẹ́ ibi tí ó dára láti fi kọ́ni. Orí ìwé lè lo ojú-ewé mẹ́wàá lórí ohun tí ènìyàn ń rò. Kámẹ́rà kò lè ya ìrònú. Ẹni tí ó bá sọ ìwé di fíìmù gbọ́dọ̀ wá ìṣe, ibi àti ìdènà tí yóò gbé ìrònú náà jáde. Ohun tí a ń sọ orí ìwé dà gan-an ni ọ̀wọ́-ìran, kì í ṣe ìran kan.

Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí ní 1999 láti inú ìwé eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, fi hàn bí ọ̀wọ́ kan ṣe lè gbin ohun tí ọ̀wọ́ mìíràn yóò kórè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré náà, ìmùlẹ̀ wà láàárín ọba àti ìlú Jogbo. Adé, ìlù àti gbẹ́rẹ́ so mọ́ ara wọn. Ọ̀wọ́ yẹn parí, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbìn kò kú. Nígbà tí ẹni tí kò gba gbẹ́rẹ́ bá dé orí ìtẹ́, òǹwòran ti mọ ohun tí ìlù lè ṣe, kò sì sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún un nígbà tí ìlù bá dún. Apààlọ́ mọ ọgbọ́n yìí ṣáájú kámẹ́rà: èèwọ̀ tí ó bá dá ní ìbẹ̀rẹ̀ àlọ́, kò sí ọmọ tí kò mọ̀ pé ẹnì kan yóò jẹ ẹ́.

8. Yíyan orúkọ

Orúkọ mẹ́rin ni a lè gbé yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni kí a yá “síkúẹ́ǹsì” lò. Kò burú fún àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ èdè tí ó ti wá. Èkejì ni “ìtẹ̀léra”. Ìtẹ̀léra wà láàárín ohunkóhun tí ó bá ń tò lẹ́yìn ara wọn, ìbáà jẹ́ àwọn tí kò mọ ara wọn rí ní ìdí báńkì. Kò sọ pé wọ́n ń jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ̀kẹta ni “ẹ̀wọ̀n-ìran”. Ó gbé ìsopọ̀ jáde, ṣùgbọ́n ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ rò.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀wọ́-ìran. A ń sọ pé ọ̀wọ́ ẹran, ọ̀wọ́ ẹyẹ, ọ̀wọ́ ìwé. Ọ̀wọ́ ẹran pọ̀ níye, síbẹ̀ ibi kan náà ni wọ́n dojú kọ. Ẹni tí ó bá rí wọn mọ ibi tí ọ̀wọ́ kan parí sí. Ó tún rọrùn láti bí ọmọ: ọ̀wọ́ geere, ọ̀wọ́ aláwẹ́ méjì, ọ̀wọ́ oníwòkan. Àléébù méjì ni ó ní. Ìran lè túmọ̀ sí ìdílé àti àtọmọdọ́mọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká yóò là á. Àléébù kejì wà nínú àmì ohùn: ọ̀wọ́ kì í ṣe ọ̀wọ̀, kì í ṣe ọwọ́, kì í sì í ṣe Ọ̀wọ̀, ìlú tí ó wà ní ojú ọ̀nà Àkókó. Ẹni tí kò bá fi àmì sí i kò tíì kọ ọ́.

9. Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990 fi hàn pé èdè Yorùbá lè gba ẹrù ìmọ̀ bí a bá di ẹrù náà dáadáa. Ẹrù sinimá kò wúwo ju ti gírámà lọ. Ìwòkan, ìran àti ọ̀wọ́-ìran tó fún ìbẹ̀rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Olùkọ́ ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá láti dán wọn wò. Kí ó fi eré Yorùbá kan hàn fún ogún ìṣẹ́jú. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa sàmì sí bébà ní gbogbo ìgbà tí ibi tàbí àkókò bá yí padà. Kí wọ́n sì fa ìlà níbi tí ìbéèrè kan bá ti rí ìdáhùn. Àmì ni ìran, ohun tí ó wà láàárín ìlà méjì ni ọ̀wọ́. Ibi tí ìlà wọn kò bá ti bára mu, kí wọ́n sọ ìbéèrè tí oníkálukú gbọ́. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti bá ìtàn pàdé.